"Egungun Mi Ni Ó Wúwo": Àwáwí Kan Tí Ó Yẹ Kí Á Gbé Sórí Ìwọ̀n

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ̀yin tí ẹ ti Gánà, Tógò, Benin, Gámbíà, Sàró àti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà kóra jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn: "Egungun mi ni ó wúwo." Mo gbọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mo gbọ́ ọ ní sáà tí ó kọjá, mo sì mọ̀ pé n óò tún gbọ́ ọ ní èyí tí ń bọ̀ bí mo bá dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sáà kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì wa a gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí gbọ̀ngàn, a sì máa pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kàn a bọ́ bàtà rẹ̀, a gun orí ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì a sì ka iye kílò rẹ̀ fún ẹni tí ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ni mo ń kọ ọ́ ní ọdún yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa gun orí rẹ̀, ìwọ̀n sì sọ pé kílò 104. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má dá wọn lóhùn. Kì í ṣe ọ̀rá. Egungun mi ni ó wúwo. Bẹ́ẹ̀ ni ti bàbá mi náà rí." Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin kan gun orí ìwọ̀n. Kílò 41 ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ènìyàn kúkúrú. Mo bi í léèrè bí ó bá ń jẹun. Ó ní, "Mò ń jẹun, sà. Egungun mi ni ó fúyẹ́."

Àwọn méjèèjì kọjá lọ, inú àwọn méjèèjì sì dùn, nítorí pé wọ́n ti rí ẹni tí wọn óò di ẹ̀bi rù. Egungun kò kúkú ní ẹnu tí yóò fi já wọn ní koro.

(Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, ẹ ṣọ́ ohùn yín o. Egungun tí ó wà nínú ara ni mo ń wí, kì í ṣe egúngún tí ń jáde lọ́dún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Gánà ti pa gbogbo kíláàsì mi lẹ́rìn-ín rí nígbà tí ó kà á sókè pé a máa ń bá egúngún pàdé nínú ọbẹ̀ ẹja.)

Mo fẹ́ kí á ṣe ohun tí ó tọ́ sí olùkọ́, kí á gbé egungun fúnra rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Bí a bá mú ọkùnrin kan tí ó wọn kílò 70, gbogbo egungun ara rẹ̀, láti agbárí títí dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀, pẹ̀lú mùdùnmúdùn àti omi àti ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú wọn, yóò wọn bíi kílò 10. Èyí jẹ́ bí ìpín 15 nínú 100. Gbogbo èyí tí ó ṣẹ́kù, iṣan ni, ọ̀rá ni, awọ ni, ìfun ni, ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kílò 10 náà pàápàá kì í ṣe ohun líle nìkan. Bí a bá yọ mùdùnmúdùn kúrò, tí a yọ omi àti ọ̀rá inú rẹ̀, tí a sì yọ egungun rírọ̀ tí ó wà ní oríkèé, tí ó wá ku kìkì èròjà tí ó le bí òkúta, èyí tí kálísíọ́mù jẹ́ olórí nínú rẹ̀, ohun tí yóò kù kò ní ju bíi kílò 3 lọ fún ọkùnrin, kílò 2 àti díẹ̀ fún obìnrin.

Nísinsìnyí ni a dé orí kíki egungun gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru igi rí mọ̀ pé ìtí ìrókò àti ìtí àràbà lè jọ gùn, kí wọ́n sì jọ nípọn, síbẹ̀ kí ti ìrókò fẹ́rẹ̀ bẹ́ ẹni lọ́rùn nígbà tí a lè máa fi ti àràbà sáré. Igi ìrókò ki, igi àràbà kò ki. Bẹ́ẹ̀ náà ni egungun. Egungun itan ènìyàn méjì lè jọ gùn dọ́gba, kí èròjà líle tí ó wà nínú ọ̀kan ju ti èkejì lọ. Ẹ̀rọ kan wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá tí ń fi ìtànṣán wo egungun láti ẹ̀yìn awọ, tí ó sì ń sọ iye èròjà tí ó wà níbẹ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á fún aṣọ́lé wa ní egungun tí ó ki ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìpín 10 nínú 100; ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré lójú oníṣègùn. Ìpín 10 nínú 100 kílò 3 jẹ́ gíráàmù 300. Ìgò omi kékeré tí a ń tà ní ibùdókọ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á tún ṣe é ní oore, kí á sọ ọ́ di ìpín 20. Ó di gíráàmù 600. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ga dọ́gba, tí wọ́n sì jọ ń sùn ní yàrá kan náà, wọn kílò 76. Kílò 28 ni ó wà láàrin wọn. Egungun ti san gíráàmù 600 nínú gbèsè náà. Ta ni yóò san kílò 27 àti gíráàmù 400 tí ó kù? Mo rò pé ìyá tí ń ta ẹ̀bà lẹ́yìn ọgbà wa lè dá wa lóhùn.

N kò sọ pé egungun gbogbo wa dọ́gba o. Ẹlòmíràn fẹ̀ ní èjìká, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ nípọn, ìbàdí rẹ̀ gbòòrò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi bíi kílò kan tàbí méjì ju ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ lọ láti ara egungun nìkan. Ṣùgbọ́n títóbi egungun ni èyí, kì í ṣe kíki rẹ̀, kílò méjì kò sì jọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan sì tún wà tí egungun wọn ki rékọjá ààlà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí nípa irú wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2012. Wọn kò tó ènìyàn 2 nínú 1,000 àwọn tí a fi ẹ̀rọ wo egungun wọn, àwọn kan nínú wọn sì sọ pé àwọn máa ń rì bí àwọn bá fẹ́ léfòó lójú omi. Bí aṣọ́lé wa bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí nìkan mo ti ka ogún ènìyàn tí wọ́n ń pe irú egungun bẹ́ẹ̀ ní tiwọn, a kò sì tó ẹgbẹ̀rin níbí.

Bí ó bá sọ pé iṣan ni, n bá fetí sílẹ̀, nítorí iṣan ki ju ọ̀rá lọ. Lítà iṣan kan wọn kílò kan àti bíi gíráàmù 60; lítà ọ̀rá kan kò ju bíi gíráàmù 900 lọ. Alágbẹ̀dẹ àti alárùú ọjà lè wọn púpọ̀ láìsanra. Nítorí náà ìwúwo nìkan kò tó ohun tí a ó fi pe ènìyàn ní ọ̀lẹ tàbí wọ̀bìà, ẹ̀rín tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rín sí i ní gbọ̀ngàn kò sì dùn mọ́ mi.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ìwọ̀n ni àwáwí yìí mọ sí, n kì bá tí ba tádà jẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò lórí ìwọ̀n, ó ti wọ inú omi, inú omi ni ó sì ti fẹ́rẹ̀ pa mí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ sọ fún wa pé egungun aláwọ̀ dúdú wúwo ju ti aláwọ̀ funfun lọ, àti pé nítorí náà Ọlọ́run kò dá wa fún omi wíwẹ̀. Kò fi ìkórìíra sọ ọ́. Ènìyàn rere ni. Ó ti kà á níbì kan ni. Mo gbà á gbọ́. Kí ni kò ní mú mi gbà á gbọ́, nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́ ni ó sọ ọ́? Fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún n kò wọ inú omi tí ó kọjá orúnkún. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú-omi tí a wọ̀ lórí ọ̀sà dojú dé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo wa sì sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rì. Mo rántí pé bí mo ti ń lọ sísàlẹ̀, n kò jà rárá. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé egungun ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ọmọ awakọ̀ náà, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, tí awọ rẹ̀ sì dúdú ju tèmi lọ, ni ó mòòkùn, tí ó gbá mi mú ní kọ́là ẹ̀wù, tí ó sì fà mí sókè. Nígbà tí a dé èbúté, ó bi mí léèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò mọ omi wẹ̀ ni?" Mo dá a lóhùn pé egungun mi ni ó wúwo. Ọmọ náà wo apá mi, ó wo apá tirẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ yẹn ni ó rán mi lọ ṣe ìwádìí.

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi ti rin ìrìn-àjò jìnnà. Ní ọdún 1987, Al Campanis, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ baseball Los Angeles Dodgers ní Amẹ́ríkà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í mọ omi wẹ̀ dáradára nítorí pé ara wọn kì í léfòó. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ìdíje Òlíḿpíìkì tí a ṣe ní Seoul, Anthony Nesty, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti orílẹ̀-èdè Suriname, gba góòlù nínú omi wíwẹ̀ mítà 100 tí a ń wẹ̀ bí ẹni ń fò bíi labalábá. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá péré ni ó fi ṣáájú Matt Biondi ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ wò ó bóyá ẹ lè rí ibi tí egungun wíwúwo wà nínú ìdá kan yẹn.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ náà, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ wo egungun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti àwọn aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ki díẹ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà wá sílé. Ní Keneba, abúlé kan ní Gámbíà, àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ìwé kan tí ó jáde ní 1996 sọ fún wa pé èròjà líle inú egungun àwọn obìnrin àgbà ní ìgbèríko Gámbíà kéré sí ti àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣọ̀wọ́n kí egungun àwọn ìyá Gámbíà náà kán. Ẹ̀yin ọmọ Gámbíà tí ẹ wà láàrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dáhùn: ṣé àwọn ìyá yín kì í ṣe aláwọ̀ dúdú ni? Kò sí ohun kan tí í jẹ́ egungun aláwọ̀ dúdú. Egungun ẹni tí ó jẹ irú oúnjẹ báyìí, tí ó ṣe irú iṣẹ́ báyìí, tí a bí ní ilé báyìí, ni ó wà.

Kí ni ó wá ń gbé ènìyàn léfòó? Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá ni àbúrò. Lítà afẹ́fẹ́ kan nínú ẹ̀dọ̀fóró lè gbé bíi kílò kan dúró nínú omi. Ìmí tí à ń mí láìronú jẹ́ bí ìdajì lítà; bí a bá mí kanlẹ̀, ó lè tó lítà 3. Ẹ rántí gíráàmù 300 tí a fún aṣọ́lé wa. Ìmí kan ṣoṣo, irú èyí tí à ń mí bí a ti ń sùn, lè gbé gíráàmù 500. Lóòótọ́ ni pé ẹni tí ó gbẹ, tí iṣan rẹ̀ pọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó nǹkan, yóò rí i pé ẹsẹ̀ òun ń fẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ohun tí olùkọ́ omi wíwẹ̀ lè tún ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ni èyí.

Ní 1602 ni a tẹ ìwé Pieter de Marees, ará Họ́láǹdì, nípa etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó yin àwọn ènìyàn ibẹ̀ fún bí wọ́n ti mọ omi wẹ̀ tí wọ́n sì mọ bí a ti ń mòòkùn tó. Ẹ̀yin ará Benin, ẹ mọ Ganvié, ìlú tí a kọ́ sórí omi adágún Nokoué, níbi tí ọmọdé ti ń tu ọkọ̀ lọ ra nǹkan. Gánà ní Nzulezo tirẹ̀. Àwa ní àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ará Makoko. Egungun kí ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ní? Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi òfin àti ìwà ipá lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní àwọn adágún omi ìwẹ̀ àti etíkun. Àwọn tí a kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ni a wá ń sọ pé egungun wọn ni kò gbà. Ohun tí ó dùn mí ni pé olùkọ́ kan ní ilẹ̀ wa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì fi lé ọmọ tí ilé wọn kò jìnnà sí omi lọ́wọ́.

Mo ti gba egungun sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ó kù kí n sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé àwáwí wa ti dorí ọ̀rọ̀ kodò. Kì í ṣe kíki egungun ni ó ń sọ ara di wíwúwo. Ìwúwo tí egungun ń gbé ni ó ń mú kí ó ki. Julius Wolff, oníṣègùn ará Jámánì, kọ ìwé lórí èyí ní ọdún 1892. Ó ní egungun a máa tún ara rẹ̀ kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí a bá gbé lé e. Ní 1977, a fi ìtànṣán wo apá àwọn tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ṣe iṣẹ́. Ara egungun apá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nípọn ju ti apá kejì lọ ní bí ìpín 35 nínú 100 lára àwọn ọkùnrin, bí ìpín 28 lára àwọn obìnrin. Ènìyàn kan náà ni o, oúnjẹ kan náà, bàbá kan náà. Iṣẹ́ nìkan ni ó yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n sì lọ gbé ní òfúrufú fún oṣù púpọ̀, níbi tí ara kì í wúwo, pàdánù ìpín 1 sí ìpín 1 àti ààbọ̀ nínú 100 èròjà egungun ìbàdí wọn lóṣooṣù.

Níbí ni mo ti padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin oníkílò 41. Egungun rẹ̀ kọ́ ni ó mú un fúyẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé fífúyẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ egungun rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Nígbà tí mo wádìí síwájú, mo gbọ́ pé kì í jẹun ní alẹ́, nítorí pé aṣọ kan wà tí ó fẹ́ kí ó bá òun mu. Ọmọbìnrin tí ó bá febi pa ara rẹ̀ títí nǹkan oṣù rẹ̀ fi dáwọ́ dúró ń ná owó tí ó yẹ kí ó fi pamọ́. Láàrin ọdún méjì tí ọmọ ń yára ga jù lọ ni ó ń kó bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èròjà egungun tí yóò ní ní àgbà, kí ó sì tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àká ti kún dé ibi tí yóò kún dé. Láti ìgbà náà lọ, à ń ná an ni. Kí aṣọ́lé wa má tìtorí èyí yọ̀ o: ẹrù tí ń sáré tí ó sì ń fò ni egungun fẹ́, kì í ṣe ẹrù tí ó jókòó.

Ìwọ̀n kò sì lè fi èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí hàn wá. Bí ìyá àgbà kan bá pàdánù ìpín 10 nínú 100 èròjà egungun rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, gíráàmù 200 àti díẹ̀ ni yóò dín nínú ìwúwo rẹ̀. Ife omi kan tí ó mu ti dí i. Ìwọ̀n yóò máa pe iye kan náà lọ́dọọdún, títí di ọjọ́ tí yóò yọ̀ ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ yóò kán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ní Jos, àwọn oníṣègùn tọ́jú ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun, ìwé wọn sì jáde ní 1999. Oòrùn kò wọ́n ní Jos. Ohun tí ó wọ́n ni kálísíọ́mù: bíi mílígíráàmù 200 péré ni àwọn ọmọ náà ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ wọn. Fún ọ̀sẹ̀ 24, a fún àwọn kan ní kálísíọ́mù, a fún àwọn kan ní fítámì D, a fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tí wọ́n gba kálísíọ́mù, ìbáà jẹ́ òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú fítámì, ni ara wọn yá jù. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó níwájú yín ní kíláàsì. Bí ẹ bá rí ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ń gbá ara wọn tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, ẹ má sọ pé bí ìran wọn ti rí ni. Ẹ pe ìyá rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ yàtọ̀ sí ẹ̀kọ àti gàrí, kí ẹ sì rán wọn lọ sí ilé-ìwòsàn.

Kálísíọ́mù kì í ṣe ohun tí a ní láti kó wá láti òkè òkun. Ó wà nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tòun ti egungun rẹ̀, nínú wàrà, nínú nónò tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, nínú ewé oṣè tí àwọn Haúsá ń pè ní kúkà. Mo ti bẹ àwọn aláṣẹ ilé-ìdáná wa pé kí wọ́n máa se ẹja wẹ́wẹ́ fún wa lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, dípò ẹran tí a ń fi gílóòbù wá nínú ọbẹ̀. Mo sì ti bẹ ọ̀gá àgbà pé kí omi wíwẹ̀ di ara ẹ̀kọ́ ìdárayá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní etí odò wa yìí láìmọ bí a ti ń léfòó. Wọ́n ní àwọn óò rò ó. Kí wọ́n tó rò ó tán, mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó bá fẹ́ ní àràárọ̀ Sátidé, níbi tí omi kò ti jìn, pẹ̀lú àwọn apẹja méjì tí ń ṣọ́ wa.

Ní Sátidé tí ó kọjá, aṣọ́lé wa wá. Ó dúró nínú omi tí ó mu ún dé àyà, ó ń gbọ̀n, ó tún rán mi létí ọ̀rọ̀ egungun rẹ̀. Mo fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní kí ó mí kanlẹ̀ kí ó sì dùbúlẹ̀. Mo yọ ọwọ́ mi. Kílò 104 náà dùbúlẹ̀ lójú omi bí ewé òṣíbàtà, inú rẹ̀ yọ síta, ó ń wo ojú ọ̀run. Mo sọ fún un pé bí kílò 28 yẹn bá jẹ́ egungun ni, ìsàlẹ̀ odò ni ìbá wà ní àkókò náà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi sì wọ ẹnu rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò tíì wọ omi. Ó jókòó sí etí odò, ó ń wò wá, ọ̀kan nínú àwọn apẹja sì fún un ní ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Ó jẹ ara rẹ̀ tán, ó gbé egungun rẹ̀ dání, ó pè mí, ó ní, "Sà, ṣé kí n jẹ eléyìí náà?"

Mo ní kí ó jẹ ẹ́.